Ọ̀rọ̀ Tí N Kò Jẹ́ Kí Bàbá Sọ Tán

Ilé Bàbá Àlàmú,
Igbótako, nítòsí Òkìtìpupa.

Dèjì, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú àtijọ́. Mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ yín tí a kò tíì fojú rí. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín láyọ̀ ní Kàdúná, kí ara yín le koko. Èmi àti Dora ọmọ ìyá wa wà dáadáa. Bàbá náà ti kúrò ní ọsibítù, wọ́n ti wà nílé.

Dora ti fi fóònù sọ fún ọ pé rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá, pé ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣeé gbé, pé ohùn sì ti lọ. Dókítà ní ohùn lè padà, ó sì lè má padà. Ohun tí Dora kò sọ fún ọ ni mo jókòó láti kọ. Ó ń bo àṣírí mi ni.

Lọ́dún yìí, ọkọ mi ra síléètì ìgbàlódé kan fún mi, irú èyí tí ojú rẹ̀ dà bí bébà, tí kì í tàn yanran bíi ti fóònù. Gègé rẹ̀ ni mo fi ń kọ gbogbo nǹkan ní ọ́fíìsì mi ní yunifásítì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo kó ìwé àkọsílẹ̀ mi tó kù fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fi yàwòrán. Iná rẹ̀ a máa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi ń gbàgbé pé ó ń jẹ iná rárá.

Bàbá wá ránṣẹ́ pè wá pé àwọn fẹ́ bá ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ tó lọ. Dora mú ìwé àti bírò wá. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Gbé ìyẹn pa mọ́ jàre. Ìwé a máa ya, òjò a máa pa á. Inú èyí ni gbogbo rẹ̀ máa wà." Ó dá a padà sínú báàgì rẹ̀.

Bàbá jẹ púpùrù tán, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ sọ tèmi, wọ́n ní kí n dín ìkanra kù. Wọ́n sọ ti Dora títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìkálẹ̀ tó jinlẹ̀ ni wọ́n ń sọ, èmi náà sì ń kọ ọ́ bó ṣe ń jáde. Tí n kò bá bá wọn dọ́gba, màá ní, "Ẹ rọra, Bàbá." Nígbà kan wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ṣìkẹ́mi, ṣé ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ ni, àbí nǹkan ọwọ́ rẹ?"

Lẹ́yìn náà wọ́n nu ojú, wọ́n ní, "Ó wá ku Dèjì." Àbúrò mi, láti ìgbà ìsìnkú Màmá tí o kò wá, n kò gbọ́ orúkọ rẹ lẹ́nu wọn rí. Wọ́n ní, "Ẹ bá mi sọ fún Dèjì pé..." Ibẹ̀ gan-an ni síléètì náà kú. Bátìrì ti tán. Mo na ọwọ́ sí Bàbá pé kí wọ́n dúró.

Dora ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n mú bírò." Mo ní rárá, n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pín sí ọ̀nà méjì. Bàbá ní, "Kò kúkú gùn." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi díẹ̀, mò ń bọ̀." Iná kò sí ládùúgbò, mo bá gun ọ̀kadà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sí fóònù. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wo bátìrì bó ṣe ń gòkè. Inú mi ń dùn, Dèjì. Mò ń rò ó pé èmi ni màá kọ ọ̀rọ̀ ìlàjà yín sílẹ̀.

Igbe Dora ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá ti ṣubú láti orí àga, ẹnu wọn ti wọ́. Nígbà tí ọkàn balẹ̀ díẹ̀, mo bi Dora bóyá wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà fún un lẹ́yìn mi. Ó ní òun bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ ọ́, àmọ́ wọ́n ní àwọn máa dúró de Ṣìkẹ́mi.

Etí méjì ni Ọlọ́run fún mi. Ǹ bá ti fi gbọ́ ọ. Dora kò bá mi wí. Ó ń fọ aṣọ Bàbá, ó ń fi ṣíbí bọ́ wọn, ìyẹn gan-an ló ń pa mí lára.

Lánàá, mo gbé síléètì náà sórí itan wọn, mo fi gègé rẹ̀ sí ọwọ́ òsì, mo pe orúkọ rẹ. Wọ́n kọ nǹkan. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé ọwọ́ kúrò. Dora ní "máa bọ̀" ló wà níbẹ̀. Ìlà wọ́gọwọ̀gọ lásán ni èmi rí. N kò ní purọ́ fún ọ pé mo mọ ohun tó wí. Mo ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Bàbá, n kò tún ní fi òmíràn sí wọn lẹ́nu.

Bínú sí mi bó ṣe wù ọ́, ṣùgbọ́n wá sílé. Kí Olúwa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, kí ó tọ́jú ìyàwó àti ọmọ rẹ, kí ojú má ti ìwọ àti Bàbá níwájú ara yín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó jẹ ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan,
Olúwaṣìkẹ́mi.

Àfikún: Àwọn ará àdúgbò lè sọ fún ọ pé Bàbá kò mọ èèyàn mọ́. Má gbà á gbọ́. Bàbá ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ. Tí o bá wọlé, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.