Ohun tí Mo Rí Nínú Ẹ̀jẹ̀ Ọ̀gá Mi

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Àkúrẹ́ níbí, mo kí Bàbá, mo kí Ẹ̀gbọ́n Ràṣídì àtàwọn ọmọ.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé kí ló ṣe ohùn mi, mo ní ọ̀fìnkìn ni. Kì í ṣe ọ̀fìnkìn. Ọ̀gá mi ti kú.

Ará Ọ̀wọ̀ ni. Iṣẹ́ láàbù ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìntì, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá Ọjà Ọba, níbi tí a ti ń tún máíkírósíkóòpù ṣe, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn onídẹ àtijọ́ ló fẹ́ràn jù. Lásìkò ọyẹ́, ilé ìwòsàn kan ní Oǹdó fẹ́ da ọ̀kan nù, a lọ gbé e. Ẹni tó ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù ti fín orúkọ ara rẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá mi ka orúkọ náà sókè, ó kí i pé ó kú iṣẹ́, bí ẹni pé ọkùnrin náà ṣì wà nídìí tábìlì rẹ̀. Ó ní ẹni tó fọwọ́ lọ dígí kékeré báyìí, ojú rẹ̀ á ti bàjẹ́ kó tó darúgbó. Ojú tirẹ̀ náà ti ń lọ.

A nù ún, a tò ó. Ó wá gún ìka ara rẹ̀, ó fi ẹ̀jẹ̀ ra dígí, ó rẹ ẹ́ sínú aró tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì hàn, bó ṣe kọ́ mi, ó ní kí n bá òun wò ó. Mo rò pé ẹ̀rọ la ń dán wò. Màmá, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó yẹ kó wà lẹ́yọ lẹ́yọ láàárín pupa ló kún ibi gbogbo.

Ó ní, “Kí lo rí?”

Mo ní dígí náà ò mọ́.

“Ràfíátù, èmi ni mo nù ún. Sọ ohun tí o rí.”

Mo sọ ọ́. Ó ní òun ti fura tipẹ́, pé òun kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí òun kọ́ níṣẹ́ ni. Ohun kan náà ni dókítà sọ: jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Kò rí òjò àkọ́rọ̀.

Ọ̀wọ̀ ni wọ́n sin ín sí. Mi ò mọ ibi tí mo máa jókòó sí láàárín ẹbí, mo dúró lẹ́yìn títí wọ́n fi bo sàréè. Láti ìgbà náà, òjò ò dá, ìrì ń bo ojú lẹ́ǹsì, mi ò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí n máa báṣẹ́ lọ. Lánàá, obìnrin oníláàbù kan láti Ìpógùn gbé ẹ̀rọ tó bàjẹ́ wá, ó béèrè ọ̀gá. Mo ní ó ti kú. Ó wò mí, ó ní ṣé kí òun máa gbé e padà. Mo ní kó gbé e kalẹ̀.

Torí náà, mi ò ní lè wálé fún Iléyá. Kí Ọlọ́run dá ojú yín sí, kí ó dá ẹ̀mí yín sí fún mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àtọmọdé àtàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràfíátù