Ṣájà Yín Ti Ń Kùn Padà

Daddy mi,

Èmi ni mo ṣe é. Èmi nìkan. Kò sí ẹlẹ́tíríṣíànù kankan ní gbogbo Ìkòsì tó bá mi fọwọ́ kàn án. Ṣájà bátìrì mọ́tò yín tó ti kú látìgbà tẹ́ ẹ ti lọ sọ́run, èmi tí mi ò parí JSS 3 ni mo jí i dìde nínú pálọ̀ wa. Kí àwọn tó lọ yunifásítì ládùúgbò yìí lọ jókòó jẹ́ẹ́.

Eku ti jẹ wáyà inú ẹ̀, dáódù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo sì ti jóná. Mo ra òmíì ní Owódé Onírin, àlòkù tó ṣì lágbára, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ ọn. Bí mo ṣe taná sí i báyìí, ó kùn, bó ṣe máa ń kùn nígbà tẹ́ ẹ bá jókòó tì í, tẹ́ ẹ wọ sínglẹ́ẹ̀tì tí ásíìdì bátìrì ti dá ihò sí lára. Omi bọ́ lójú mi. Èéfín lẹ́ẹ̀dì ni o.

Bátìrì mọ́tò yín ni mo kọ́kọ́ gbé sí i. Mummy ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta mọ́tò yẹn. Gbogbo àárọ̀ Friday ni wọ́n máa ń sítáàtì ẹ̀, wọ́n á kàn jókòó sínú ẹ̀. Kí ni wọ́n ń rò níbẹ̀? Ṣé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n? Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò sítáàtì mọ́, wọn ò sì jẹun dáadáa látìgbà yẹn. Mo fọ́nnu fún wọn pé kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi.

Mo fi wáyà pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú. Mo rí i pé abẹ́rẹ́ ara ṣájà náà fì sósì dípò ọ̀tún, mo rò pé òǹgbẹ ló ń gbẹ bátìrì, mo bá gba Ketu lọ. Ìgbà tí mo fi máa dé, ó ti wú bí ikùn ẹni tó jẹ ẹ̀wà àná, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́.

Kí ló fà á? Mo ti tú ṣájà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, kò yé mi. Àbí gbogbo dáódù yẹn ni mo tò kẹ́yìn síwájú?

Ẹ̀yin, tẹ́ ẹ bá ti tún ṣájà ṣe tán, ẹ máa ń po omi iyọ̀ sínú abọ́, ẹ á ti orí wáyà méjèèjì bọ̀ ọ́, ẹ á máa wo èyí tó ń hó jù, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá iná ń gba ibi tó yẹ. Àìmọye ìgbà lẹ pè mí kí n wá wò ó. Fóònù ni mò ń tẹ̀. Èyí tó ń hó jù yẹn, ṣé pọ́sítíìfù ni àbí négétíìfù?

Ọ̀la ni Friday. Mo ti sọ fún Mummy pé ó ti ṣe. Kò ṣe, Daddy. Mo ti pa bátìrì yín.

Ọmọ yín tí àárò yín ṣì ń sọ,
Èmi náà ni.