Bàbá Ti Bá Yín Tún Aláàmù Yẹn Ṣe

                                                  Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                  Òpópó Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
                                                  Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Keje.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú òtútù, ẹ sì kú ìtọ́jú ilé. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé orúnkún wọn tó ń dà wọ́n láàmú ti ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ bá mi sọ fún àkọ́bí yín pé sòkòtò tó ní kí n rán ti wà nílẹ̀, kó ṣáà má tíì ga sí i títí màá fi rí ẹni tó máa bá mi mú un wá. Àdúrà wa níbí ni pé kí ara gbogbo yín máa le.

Ní tiwa, gbogbo wa wà láàyè. Mo mọ̀ pé kì í ṣe bí mo ṣe máa ń dáhùn nìyẹn, mo sì mọ̀ pé àyà yín ti já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ má tíì máa wá báàgì. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí àbúrò màmá wa tó pè yín. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn: a ti kú, a ti jí, kí wọ́n tó sọ ọ́ dé ìdajì.

Mi ò gbàgbé ohun tí ẹ sọ nígbà tí ẹ fi aláàmù yẹn ránṣẹ́ sí wa. Ẹ ní lọ́jọ́ tí ẹ bá gbọ́ pé Bàbá ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá kó ẹrù wọn, tí wọ́n á sì máa bá yín gbé. Ó dáa. Bàbá ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín kí ẹ tó dájọ́.

Ṣebí nítorí ìkòkò èédú tí Bàbá máa ń gbé wọ yàrá ni ẹ ṣe rà á. Ẹ ṣàlàyé fún mi pé èéfín kan wà tó ń jáde lára èédú àti jẹnẹrétọ̀ tí ojú kò rí, tí imú kò sì gbọ́ òórùn rẹ̀, àti pé ó lè mú kí odindi ilé sùn kí wọ́n má jí mọ́, ṣùgbọ́n aláàmù á ké bí èéfín náà bá ti wọlé. Ọjọ́ náà gan-an ni mo gba ìkòkò èédú lọ́wọ́ Bàbá. Wọ́n bá mi ṣe kùn-ún-kùn-ún fún ìgbà pípẹ́. Bí mo bá kí wọn láàárọ̀, wọ́n á ní òtútù ti dí àwọn létí.

Ọkọ mi ló gbé aláàmù náà kọ́. Ẹ mọ ọkọ mi. Tírélà ló ń wà, kò sì sẹ́ni tó máa ń yà fún lójú pópó, ṣùgbọ́n bí Bàbá bá wúkọ́ báyìí, ó ti dọ̀bálẹ̀. Ó kọ́kọ́ fẹ́ gbé e kọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì kó má bàa ba ẹwà pálọ̀ jẹ́. Mo ka ìwé pélébé tó bá a wá fún un, pé kọ́tìnnì kò ní í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé ibẹ̀. Ló bá gbé e lọ sí kíṣìnnì, sókè sítóòfù gan-an. Mo tún ka ìwé náà fún un pé níbẹ̀, aláàmù á máa ké nígbà tí nǹkan kan ò ṣe. Níkẹyìn, a gbé e kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín ẹnu ọ̀nà yàrá wa àti ti Bàbá, níbi tó ti lè jí ẹni tó bá sùn. Bàbá mú okùn ìwọ̀n wá, wọ́n wọ̀n ọ́n lápá ọ̀tún, wọ́n wọ̀n ọ́n lápá òsì. Wọ́n ní aago tó bá wọ́ kò lè sọ òótọ́. Mo ní kì í ṣe aago. Wọ́n ní kí n lọ rán aṣọ mi.

Ìwé náà ní ká máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ká lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Bàbá gba iṣẹ́ yẹn mọ́ wa lọ́wọ́. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ fún àlejò. Ọ̀gbẹ́ni tó wá ka mítà iná gbọ́ ọ títí ó fi gbàgbé nọ́ńbà tó kà. Oníbàárà mi kan tó wá wọn búláòsì sá jáde tòun ti abẹ́rẹ́ lára, àtìgbà náà ló ti ń ní kí n wá bá òun nílé bí mo bá fẹ́ wọn aṣọ fún òun.

Kò pẹ́ tí aláàmù náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún "kín", á dákẹ́, á tún dún "kín". Mo ní bátìrì rẹ̀ ló ń tán lọ, bí ìwé ṣe wí nìyẹn. Bàbá kò gbà. Wọ́n gbé àga sábẹ́ rẹ̀, wọ́n yọ aago àpò wọn, wọ́n da etí sí i bíi dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n ní ó ń fà sẹ́yìn.

Mo lọ ra bátìrì tuntun, mo kó o fún Bàbá. Wọ́n ní àwọn mọ ibi tí àwọn máa fi sí. Òótọ́ ni wọ́n sọ, inú rédíò wọn ni wọ́n fi sí. Nígbà tí mo lọ ra òwú, wọ́n sọ aláàmù kalẹ̀, wọ́n tú u, wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ gbọ̀n ọ́n, wọ́n sì kán epo aago sí i, epo tí wọ́n ti ń tọ́jú láti ìgbà tí àwọn èèyàn ṣì ń gbé aago wá fún wọn tún ṣe. Wọ́n yọ bátìrì ògbólógbòó inú rẹ̀ dànù pé ó ti ń ṣomi. Ẹ̀gbọ́n mi, aláàmù náà dákẹ́ wẹ́lo. Orí bíbẹ́ ni Bàbá fi ṣe oògùn orí fífọ́. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, Bàbá." Èmi rò pé bátìrì tuntun ló wà níbẹ̀, mo sì dúpẹ́ pé etí mi sinmi.

Ó wá di ọjọ́ tí òjò rọ̀ láti ọ̀sán. Iná lọ, aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì tó yẹ kí wọ́n wá gbà lọ́jọ́ kejì sì wà lórí máṣíìnì. Ẹ̀yìnkùlé lọ́hùn-ún ni a máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí, ṣùgbọ́n ọkọ mi ní òjò á bà á jẹ́, ló bá wọ́ ọ wá sábẹ́ òrùlé lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Okùn iná gba ibẹ̀ wọlé, ilẹ̀kùn kò lè pa dé. Gbogbo fèrèsé la tì nítorí ọ̀fìnkìn. Mo jókòó, mo ń ránṣọ, mo ń kọrin.

Nígbà tó yá, Bàbá jáde láti yàrá. Wọ́n ní orin mi ti jẹ́ kí orí máa fọ́ àwọn. Ọkọ mi náà nà gbalaja sórí àga, ó ní orí ń fọ́ òun, ebi ni. Orí ń fọ́ èmi náà, mo sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọkọ mi pẹ̀lú ìhanrun rẹ̀. A ń bínú síra wa lọ báyìí, aláàmù wà lókè, ó ń wò wá bí àlejò tó jẹun yó.

Ìgbà yẹn ni àbúrò màmá wa pè mí. Ẹ mọ̀ pé kò sí nǹkan tí wọn kì í kí èèyàn fún, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní Ìyá Ẹ-Kú lẹ́yìn wọn. Bí wọ́n bá ń kí mi, "Dáadáa ni, a dúpẹ́" ni mo máa ń fi lé wọn títí á fi rẹ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ yẹn, n kò lókun irọ́.

Wọ́n ní, "Ẹ kú òjò o. Bàbá yín ńkọ́?"

"Orí ń fọ́ wọn, Màmá."

"Pẹ̀lẹ́. Ọkọ ẹ ńkọ́?"

"Orí ń fọ́ òun náà."

"Ẹ kú ìnira. Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́?"

"Orí ń fọ́ mi, èébì sì ń gbé mi."

Ìyá Ẹ-Kú gbàgbé láti kí mi. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n wá ní, "Ṣé orí kan náà ni gbogbo yín jọ ń lò ni?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ inú ìwé pélébé yẹn ti sọ sí mi lọ́kàn: bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé pa pọ̀, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí èébì ń gbé wọn, kí wọ́n má wá oògùn, ìta ni kí wọ́n lọ. Mo wo aláàmù. Iná wíńníwínní tó máa ń tàn lára rẹ̀ ti kú. Mo dìde, òòyì kọ́ mi. Mo kígbe pé ká jáde.

Ọkọ mi dìde. Bàbá kò dìde. Wọ́n ní, "Ibo la fẹ́ lọ nínú òjò? Aláàmù ò sọ̀rọ̀. Èmi ni mo tún un ṣe, ohun tí mo bá tún ṣe kì í parọ́." Mo bẹ̀ wọ́n, mo fà wọ́n lọ́wọ́, wọ́n di apá àga mú. Ọ̀rọ̀ ti ń wúwo lẹ́nu wọn, ojú wọn sì ti ń pa dé. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù bà mí. Mo rí i pé iṣẹ́ tí Bàbá gbẹ́kẹ̀ lé láyé wọn ló fẹ́ pa wọ́n lójú mi.

Ọkọ mi bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo rò pé èéfín ti dé orí rẹ̀, àbí ìgbà ìdọ̀bálẹ̀ nìyẹn? Àṣé ó fẹ́ tọrọ àforíjì sílẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà," ó sì dìde tòun ti Bàbá léjìká. Bàbá ń fi sálúbàtà lù ú lẹ́yìn títí a fi dé géètì, òun náà ń wí pé, "Ẹ ṣeun, sà."

Ó fẹ́ padà lọ pa jẹnẹrétọ̀. Mo di ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú, mo ní ẹni tó bá ti jáde kò gbọdọ̀ padà wọlé títí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà yóò fi dé. Òjò ń pa wá. Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ mi, Ìyá Ẹ-Kú ṣì wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé ìta lẹ wà báyìí? Ẹ kú ìdúró o." Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ fóònù kalẹ̀ kí n lè pe panápaná.

Àwọn panápaná dé tàwọn ti ìbòmú. Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé, wọ́n fi ẹ̀rọ kan wọn afẹ́fẹ́ inú ilé. Ọ̀gá wọn ní bí a bá ti sùn lọ, à bá má jí mọ́. Ó sọ aláàmù kalẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó béèrè ẹni tó fi epo sí i. Ọkọ mi wo ojú ọ̀run, èmi wo ilẹ̀. Bàbá ní, "Èmi ni."

Ní ọsibítù, wọ́n fi nǹkan bò wá nímú àti lẹ́nu ká lè mí afẹ́fẹ́ tó mọ́ sínú. Nọ́ọ̀sì tó bò mí nímú wà lára àwọn tó ni aṣọ. Ó yọ́ bi mí létí pé ṣé tòun ti ṣe tán. Mo dúpẹ́ pé ẹnu mi wà ní bíbò.

Ara wa ti yá. Aláàmù tuntun ti wà lókè, torí èyí tó bá ti mu epo kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Ọkọ mi ló ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, aṣọ gbígbẹ nìkan la sì fi ń nu eruku ara rẹ̀. Ó ti kan páànù bo jẹnẹrétọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, jìnnà sí fèrèsé, kí òjò má bàa tún fún wa ní ọgbọ́n.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé nìyí. Lọ́jọ́ kejì tí a ti ọsibítù dé, mo bá Bàbá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti wọ bàtà, ẹrù wọn wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n ní, "Abẹ́rẹ́, kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n ẹ kó wá mú mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín." Mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnu mi kò gbà. Wọ́n ní, "Látọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí, nǹkan kan ò bàjẹ́ tẹ́nì kan fi pè mí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún kín, kín, mo rò pé èmi ló ń pè."

Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ní kì í ṣe kí wọ́n lè máa tún nǹkan ṣe la ṣe ní kí wọ́n wá bá wa gbé. Wọ́n ní kí wá ni. Mo ní kí n lè máa rí wọn ni. Wọ́n wo bàtà ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ní òtútù ń mú àwọn, mo sì bá wọn gbé ẹrù wọlé.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ọkọ mi ní kí n kí yín, ẹ̀yìn ṣì ń dùn ún níbi tí sálúbàtà ti bà á.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá kò tíì tú ẹrù náà. Bí alùpùpù bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n á dìde, wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, wọ́n á wá wò bóyá ẹ̀yin lẹ dé. Ẹ má kọ èsì lẹ́tà yìí sí èmi. Bàbá ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ ò bọ̀.

                                                  Èmi ni àbúrò yín tó ṣì ń mí dáadáa,
                                                  Abẹ́rẹ́.