Ìwé Tí Àǹtí Tíṣà Kà Sórí Ìkànnì

Yàrá Ìgbohùnsílẹ̀,
Òkè Ilé Ìtẹ̀wé,
Òpópónà Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ìbejì,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Orúnkún ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń gun àtẹ̀gùn láìkérora? Àwọn ìbejì ńkọ́? Mo gbọ́ pé ọ̀kan ti ga ju èkejì lọ báyìí, àti pé èyí tó kúrú kò jẹ́ kí ilé rójú. Òrùlé ilé ìdáná yín tó ń jò ńkọ́? Mo ń bèèrè wọn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, torí mo mọ̀ pé tí mo bá fo ọ̀kan, wàá ní mo ti gbàgbé yín. Ní tiwa, a dúpẹ́. Ọkọ mi ní kí n kí ọ dáadáa, ó tún ní kí o jọ̀ọ́ dá agboòrùn òun padà.

Má jẹ́ kí àyà rẹ já tí mo bá sọ fún ọ pé orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Èmi kọ́ ni ara mi kò yá. Àǹtí Tíṣà ni, àbúrò ìyá mi tó kọ́ wa ní kíláàsì kẹta, tó jẹ́ pé tó bá ti na ìka kan sókè, gbogbo kíláàsì á pa lọ́lọ́. Wọ́n ti gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láti àárọ̀. Nǹkan kan ló hù sí i ní ọ̀fun, níbi tí ohùn ti ń jáde gan-an. Ó ti pẹ́ tí dókítà ti sọ fún wa pé òun yóò yọ ọ́, àti pé kò ní í gba ẹ̀mí, ṣùgbọ́n ohùn tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ Àǹtí lè má padà wá mọ́. Mi ò fẹ́ jókòó síbí kí n máa ka táìlì ilẹ̀, ni mo ṣe ní kí n ròyìn ohun tí ojú wa rí láti bí oṣù méjì yìí fún ọ.

O mọ iṣẹ́ wa. Òkè ilé ìtẹ̀wé la wà síbẹ̀, à ń ka ìwé sínú ẹ̀rọ fún àwọn tí ojú wọn kò ríran. Tẹ́lẹ̀, orí síìdì là ń kó o sí, à á sì fi ránṣẹ́ sí wọn nílé. Ṣùgbọ́n ta ló tún ní ẹ̀rọ síìdì nílé mọ́? Fóònù ti gba gbogbo rẹ̀ ṣe. Ni àbúrò mi ọkùnrin, èyí tí gbogbo ilé ń pè ní Ìnjìníà láti ìgbà tó ti tú rédíò bàbá wa tí kò sì rí i tò padà, bá ṣí ìkànnì kan fún wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ ibẹ̀ lè gba odindi ìwé sórí fóònù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ṣiṣẹ́ náà tọkàntọkàn, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn.

Àǹtí fúnra rẹ̀ ló wá bá wa pé òun fẹ́ kàwé. Ọ̀sẹ̀ tí dókítà sọ̀rọ̀ náà fún un gan-an ló gun àtẹ̀gùn wa, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó gbé ìwé ìtàn kan tó nípọn bíi bíríkì dání. Ìtàn ọkọ̀ ojú omi kan tó ṣìnà ni, pẹ̀lú àwọn èèyàn inú rẹ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn jà. Ó ní, "Ohùn tí mo ti fi bá ọmọ ọlọ́mọ wí láti ọjọ́ yìí, ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ gidi kan kó tó lọ." Báyìí ló bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án gan-gan, a ó ti fèrèsé pa, a ó sì pa fáànù, torí pé kò sí ohun tí máìkì kì í gbọ́. Òógùn á bo Àǹtí, á mu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, á ṣí ojú ìwé mìíràn. Nígbà tó fi máa kà á tán, fáìlì náà ti tóbi ju fíìmù gígùn lọ.

Ohun tó ń wá kò ju ẹnì kan lọ. Ó fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo gbọ́ ìwé náà, kí onítọ̀hún sì bá òun sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nígbà tí òun ṣì ní ohùn tí òun yóò fi dá a lóhùn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ bẹ́ẹ̀, kò tún un sọ. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ló máa ń pè mí: "Ṣé ẹnì kan ti gbà á?"

Ìyá Ìbejì, ẹnikẹ́ni kò gbà á. Ìkànnì náà máa ń ka àwọn tó yà síbẹ̀ fún wa, ó sì tún máa ń ka àwọn tó gba ìwé lọ. Èèyàn ń wọlé ṣá o! Wọ́n ń wá lójoojúmọ́, wọ́n ń pẹ́ níbẹ̀ dáadáa, wọ́n á sì jáde lọ́wọ́ òfo. Níbi iye àwọn tó gbà á, òdo ló jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó sanwó ilé. O mọ̀ mí, o mọ ìdí tí ẹ fi ń pè mí ní Ọ̀fíntótó. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n gbádùn. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ta ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ́ bẹ́ẹ̀ tí kò ní í wọlé, tí kò sì ní í béèrè nǹkan kan?

Ìnjìníà ní fáìlì ló tóbi jù. Ó ní fóònù àwọn èèyàn kéré, dátà wọ́n, ẹni tí kò lè gbé eèrà la ní kó wá gbé erin. Ó bá gé ìwé náà sí orí-orí, kékeré kékeré. Inú Àǹtí kò dùn sí i, ó ní bí ẹni ń gé aṣọ tuntun sí ìnujú ni, ṣùgbọ́n ó gbà. Síbẹ̀, òdo. Ọkọ mi gbà á sórí fóònù tirẹ̀ láti fi dán an wò, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. Ìnjìníà yọ ti ọkọ mi kúrò nínú iye náà, torí pé ti ìdánwò kò sí lára ẹ̀. Ẹ̀rù ti wá ń bà wá nígbà yẹn, torí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ti dé tán. Ìnjìníà fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní ṣé kí a má kúkú gbà á fúnra wa, kí a sọ fún Àǹtí pé ẹnì kan ti gbà á, kó lè fọkàn balẹ̀ lọ. Mo rò ó o, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n Àǹtí Tíṣà kọ́ lèèyàn máa ń dá irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ sí. Yóò bèèrè pé ta ni. Yóò ní kí a fún òun ní nọ́ńbà rẹ̀.

Mo wá sọ fún ara mi pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo wọ bàtà mi, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá Hẹ́lòó.

Bàbá Hẹ́lòó ni wọ́n máa ń pe ọkùnrin kan tó ń gba fóònù ní ilé iṣẹ́ ńlá tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀. Òun ló máa ń so gbogbo ẹni tó bá pè pọ̀ mọ́ ẹni tí wọ́n ń wá. Ojú rẹ̀ kò ríran láti kékeré, kò sì sí síìdì wa kan tí kò gbọ́ rí. Mo bá a nínú yàrá rẹ̀ tóóró, ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ há etí kan, kẹ́tùlù ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A kíra wa, a béèrè ará ilé, mo wá kó ẹjọ́ mi kalẹ̀: kí ló dé tí kò gba ìwé wa?

Ó ní òun ń retí kí a ṣí ìkànnì náà ni. Mo ní ó ti ṣí láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní rárá o, kò tíì ṣí, òun ń yà síbẹ̀ lójoojúmọ́ kí òun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ní ṣíṣí ló ṣí. Ó ní, "Ìyàwó, jókòó."

Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì. Ṣé o mọ̀ pé ohùn kan wà nínú fóònù wọn tó máa ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sókè fún wọn bí wọ́n bá ti ń fi ìka kàn án? Ó fi ìka rìn lọ sísàlẹ̀. Ohùn náà ka orúkọ ìkànnì wa. Ó ka orúkọ ìwé. Ó ka gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí mo kọ nípa Àǹtí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àwòrán." Bàbá Hẹ́lòó tún fi ìka sún síwájú. "Àwòrán." Ó tún sún un. "Àwòrán." Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìwé dà?"

Mo wo ojú fóònù náà. Ọfà ni, Ìyá Ìbejì. Ọfà aláwọ̀ búlúù tó kọrí sísàlẹ̀, èyí tí ẹni tó ríran máa tẹ̀ láti gba ìwé. Odindi òpin ọ̀sẹ̀ kan ni Ìnjìníà fi yà á, èmi náà ni mo sì ní kó fi àwọ̀ ọsàn yí i ká kó lè fani mọ́ra. A kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tí kò ríran, àwòrán la yà fún wọn pé kí wọ́n máa wò! Ojú tì mí débi pé ẹ̀rín ló gbà mí, nígbà tí mo sì ṣàlàyé fún un, Bàbá Hẹ́lòó rẹ́rìn-ín títí kẹ́tùlù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ó ní òun ti kọ́kọ́ rò pé fóònù òun ló bàjẹ́ ni, kí òun tó gbà pé ìkànnì ni kò tíì ṣí. Ó ti gbé e lọ sọ́dọ̀ aláàtúnṣe lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò pè wá. Ó ní, "A kì í lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tó ń palẹ̀ ilé mọ́."

Ibẹ̀ ni mo ti pe Ìnjìníà. Mo ṣàlàyé fún un, ó lọgun "Yéè!" débi pé mo ní láti gbé fóònù jìnnà sí etí. Kí n tó mu tíì tí bàbá fún mi tán, ó ti kọ ọ̀rọ̀ sára bọ́tìnnì náà. Bàbá Hẹ́lòó fi ìka kàn án, ohùn náà sì ní, "Tẹ ibí láti gba orí kìíní." Ó ní, "Orí kìíní kẹ̀? Odindi ìwé náà dà?" Mo sọ fún un pé a gé e torí pé ó tóbi. Ó ní ta ló sọ fún wa pé àwọn kò lè gbé ẹrù ńlá. Ó ní tí wọ́n bá gé e, ìgbà tí òun bá ń so ìpè lọ́wọ́ ló máa tán, òun á sì tún máa wá èyí tó kàn kiri. Kí a fún òun ní gbogbo rẹ̀, kí a sáà ṣe é kó lè máa bá a lọ níbi tó bá dé tí nẹ́tíwọ̀kì bá já. Mo tún pe Ìnjìníà. Ó dá ìwé náà padà bó ṣe wà, ó sì ṣe bí bàbá ṣe wí.

Bàbá Hẹ́lòó tẹ̀ ẹ́, ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó bá tiẹ̀ lọ: "Hẹ́lòó, ẹ dúró díẹ̀, mo ń so yín." Ẹ̀ẹ̀mejì ni nẹ́tíwọ̀kì já, fáìlì náà sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ọ̀sán pọ́n kó tó wọlé tán. Mi ò kúrò níbẹ̀.

Mo pe Àǹtí láti sọ fún un. Ó kàn ní, "Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?" Mo mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ìwé gígùn ni, ọjọ́ kò sì sí mọ́. Mo bẹ Bàbá Hẹ́lòó pé kó jẹ́ kó máa sáré, torí pé wọ́n máa ń mú kí ohùn yára ju bó ṣe yẹ lọ kí wọ́n lè tètè gbọ́ ọ tán. Ó kọ̀. Ó ní ìyá náà kò sáré kà á, òun náà kò ní í sáré gbọ́ ọ.

Ìrọ̀lẹ́ àná la ní láti gbé Àǹtí wá síbí. Báàgì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, awakọ̀ takisí ti ń fọn fèrè, Àǹtí kò sì tíì gbọ́ ohùn ẹni tó gba ìwé náà. Ó ń wé gèlè rẹ̀ níwájú dígí, ó ń wé e, ó ń tú u. Fóònù dún. Mo fi sí ibi tí gbogbo wa ti lè gbọ́ ọ.

Bàbá Hẹ́lòó kò tilẹ̀ kí i tán. Ó ní, "Màmá, níbi tí alásè ọkọ̀ ti ju fìlà ọ̀gá rẹ̀ sómi, ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ kò sì sọ ohun tó pa yín lẹ́rìn-ín fún wa." Àǹtí jókòó. Ó ní ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ kan ni òun rántí, tí afẹ́fẹ́ gbé fìlà rẹ̀ lọ níwájú gbogbo ọmọ ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀. Bàbá ní alásè ló jẹ̀bi, Àǹtí ní irọ́ ni, ọ̀gá ló wá ẹ̀tẹ́. Ohùn rẹ̀ ti há, ó sì ń já, ṣùgbọ́n ó lò ó tán pátá, ó jà, ó rẹ́rìn-ín, ó tún ń ṣe bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ wà nínú àpò mi. Mi ò fọwọ́ kàn án. Omi ń bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún.

Nígbẹ̀yìn, bàbá ní àárín ìwé lòun dé, ara òun kò gbà á mọ́. Ó ní kí Àǹtí dákun sọ fún òun, ṣé ọkọ̀ náà padà délé?

Àǹtí fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀. Ó ní, "Mo ti sọ ọ́ síbẹ̀. Lọ gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ó dìde, ó ní òun ti ṣe tán.

Àwọn dókítà ò tíì jáde wá bá wa. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi. Kí màmá yín náà, sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Mo ní láti dúró báyìí, nọ́ọ̀sì kan ń bọ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò lè ṣe kó má bèèrè,
Ọ̀fíntótó.