Ẹja Rọ́bà Nísàlẹ̀ Ọ̀sà

Bàbá mi àtàtà,

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ tí mo fẹ́ dá yìí, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Bàbá Ràfíù ni mò ń bá lọ sódò láti ìgbà tẹ́ ẹ ti fi wá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Ràfíù kan náà tẹ́ ẹ máa ń gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí kọjá nítorí kẹ́ ẹ má baà pàdé wọn. Inú ọkọ̀ wọn ni mo wà lánàá, ọjọ́ Sọ́ńdè, díẹ̀ báyìí ló sì kù kí èmi náà wá bá yín níbi tẹ́ ẹ wà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà níbi tó yẹ. Nígbà tá a ṣe fìdáù yín tán, ilé há mọ́ mi. Màámi kì í sọ̀rọ̀. Tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé láti Bàlógun, tó ti rẹ̀ mí nítorí aṣọ ìkélé tí mo tà àtèyí tí n ò rí tà, kò sóhun tó kù ju kí n máa wo àga yín lọ. Ní Sọ́ńdè kan tí ọjà ò ṣí, mo gbé ìwọ̀ yín, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Èbúté Ẹlẹ́fun. Edé ni mo fi sẹ́nu ìwọ̀ náà bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi. Mo tutọ́ sí i kí n tó jù ú sómi, bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò sọ ìdí rẹ̀ fún mi rí. Akàn ló jẹ gbogbo edé mi tán.

Bàbá Ràfíù jókòó sí apá kejì èbúté, wọ́n ń wò mí. Nígbà tó yá, wọ́n dìde, wọ́n wá fi nǹkan kan sí mi lọ́wọ́. Ẹja ni, àmọ́ rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é. Ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun, ìrù rẹ̀ fẹ̀, òjé wà lórí rẹ̀, ìwọ̀ sì yọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Àwọn ará Ìkòyí tí mò ń wa ọkọ̀ fún ló fún mi. Akàn ò ní jẹ èyí."

Mo rántí bẹ́ ẹ ṣe rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ọbaléndé. Ẹ ní ẹja Èkó kì í ṣe òmùgọ̀ tó máa jẹ sílípáàsì. Bàbá mi, ó ń jẹ ẹ́ o.

Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Téèyàn bá jù ú, kò gbọdọ̀ kánjú fà á. Á jẹ́ kó rì títí okùn á fi dẹ̀. Ìyẹn ni pé ó ti balẹ̀. Á wá máa ká okùn náà díẹ̀díẹ̀, kí ẹja rọ́bà náà máa wọ́ lórí ẹrẹ̀, kí ìrù rẹ̀ máa jù.

"Má jẹ́ kó gbéra nílẹ̀. Ìsàlẹ̀ lẹja ńlá ń gbé. Tó bá kan òkúta, dúró, jẹ́ kó sinmi. Ìgbà yẹn ló máa gbé e."

Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìsàlẹ̀ ọ̀sà láìjẹ́ pé mo rí i. Ibí ẹrẹ̀ ni, ibẹ̀ yẹn ìkarahun ni, ọ̀hún sì ni ìtì igi gẹdú tó rì nígbà tí wọ́n ń fà á lọ síbi tí wọ́n ti ń la pákó ní Òkóbàbá. Ẹja apò tí mo kọ́kọ́ fi mú gùn tó apá mi. Ó gbé e bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan péré, tó wá fèjìká ti ilẹ̀kùn náà wọlé. Màámi sè é. Ẹja náà ṣì wà lẹ́nu wọn nígbà tí wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo sọ. Wọ́n gbé abọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n fọwọ́, wọ́n wọ yàrá lọ. Wọn ò bá mi wí, wọn ò sì jẹ ẹja mi mọ́ látọjọ́ náà.

N ò mọ ohun tó wà láàárín yín. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní kí n lọ pọnmi. Lọ́wọ́ ta ni ǹ bá tún ti béèrè?

Ní Sọ́ńdè tí mò ń sọ yìí, ọyẹ́ mú gan-an. Kùrukùru bo ọ̀sà débi pé à ń gbọ́ ariwo mọ́tò lórí afárá gígùn yẹn, a ò sì rí afárá. Mo ní ká padà. Bàbá Ràfíù ní ìgbà tí omi bá rí báyìí gan-an ni apò ń rìn. Wọ́n sọ ìdákọ̀ró sómi létí ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà, mo sì ju ẹja rọ́bà mi. Ó balẹ̀. Mo ń wọ́ ọ bọ̀ jẹ́jẹ́, ó kan nǹkan kan tó le, tí kò mì. Mo fà á, ó dúró. Mo mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ mi.

"Bàbá, gẹdú ló wà nísàlẹ̀ wa o."

Ojú wọn yí padà. Wọ́n sáré di okùn ìdákọ̀ró mú, wọ́n fà á, kò wá. Èmi náà dì í mú, a jọ fà á títí orí ọkọ̀ fi tẹ̀ wọ inú omi. Ìdákọ̀ró ti há sábẹ́ igi. Omi sì ń fà gidi lọ́nà òkun, okùn náà ti le bí irin, kókó tí wọ́n fi so ó mọ́ ọkọ̀ ti ki débi pé èékánná ò lè wọ̀ ọ́.

Ibẹ̀ la wà tí mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Kò jọ ti ọkọ̀ èrò. Ó ń dún wúwo, mo sì ń gbọ́ ọ nínú pákó tí mo jókòó lé. Láti ibo ló ti ń bọ̀? Kùrukùru ò jẹ́ ká mọ̀. Bàbá Ràfíù ká ọwọ́ sẹ́yìn etí wọn.

"Ọkọ̀ tó ń fa bájì yanrìn ni."

Mo gbé garawa, mo fi ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, mo ń pariwo. Ta ló máa gbọ́? Ọkọ̀ tó ń fa bájì náà yọ lọ́wọ́ òsì wa, ó dúdú, ó ga, ó sì kọjá láìrí wa. Mo mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí wáyà tó so mọ́ ìdí rẹ̀, ó nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi, ó ń rì, ó ń yọ. Bájì tó wà ní òpin wáyà náà ṣì wà nínú kùrukùru. Bájì ò ní ẹ́ńjìnnì tara rẹ̀, Bàbá. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè tẹ bíréèkì rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀.

Bàbá Ràfíù ti yọ ọ̀bẹ. Wọ́n gbé e lé okùn. Wọn ò gé e. Ọwọ́ wọn dúró gbagidi, wọ́n ń wo ojú mi bíi pé ẹlòmíràn ló jókòó síbi tí mo wà.

"Ẹ gé e!"

"Kí lo sọ?"

"Mo ní kẹ́ ẹ gé e!"

"Ìwọ lo sọ ọ́? O ò ní padà wá sọ pé o ò sọ ọ́?"

"Èmi ni mo sọ ọ́! Bàbá, ẹ gé e! Ẹ gé e!"

Iwájú bájì náà ti yọ, ó dà bí ògiri ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ti dógùn-ún, omi ń hó funfun lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n gé e. Okùn náà já, ó dún bí ìbọn. Ìṣàn omi gbá wa sẹ́yìn, ó yí ọkọ̀ po, ìgbì tí bájì ń tì síwájú wá gbá wa sẹ́gbẹ̀ẹ́. Irin náà ń kọjá níbi tọ́wọ́ mi ti lè tó o. Mo fọwọ́ kàn án. N ò mọ ohun tó mú mi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tutù.

Nígbà tó kọjá tán, omi ti dé orúnkún wa nínú ọkọ̀. Ọ̀pá ìwọ̀ mi ti lọ. Èmi ń fi garawa gbọ́n omi, wọ́n ń fi ife gbọ́n, a ò wo ojú ara wa. Wọ́n ṣì ń gbọ́n omi náà lọ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn nìyí, èmi àti bàbá ẹ. Àwọ̀n tó fọwọ́ ara ẹ̀ hun la so mọ́ ọkọ̀, ẹja ti kún un. Ọkọ̀ ńlá ń bọ̀ lórí wa. Mo gbọ́ tó ní kí n gé e. Mo gé e. Nígbà tá a gúnlẹ̀, ó dúró lójú gbogbo èbúté, ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ṣì jìnnà, ó ní ojo ni mí."

"Ṣé wọ́n sọ ọ́ lóòótọ́?"

"N ò mọ̀ mọ́, ọmọ mi. Mo ti bi etí mi títí. Ariwo pọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Ìrọ̀lẹ́ ni mo délé. Màámi ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n wo aṣọ mi tó tutù, wọ́n ní kí n jókòó, mo sì sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀wà.

"Bàbá ẹ sọ ọ́."

"Ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni?"

"Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mò ń sùn. Wọ́n máa ń pariwo lójú oorun. Gé e, Ràfíù. Ràfíù, gé e. Tí mo bá jí wọn, wọ́n á ní n ò gbọdọ̀ sọ fẹ́nikẹ́ni."

Bàbá mi, inú bí mi sí yín. Inú ò bí mi sí yín báyìí rí, kódà nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ṣé nítorí àwọ̀n náà ni? Ṣé ẹ̀rù tó bà yín lọ́jọ́ náà lẹ ò fẹ́ kéèyàn mọ̀, tẹ́ ẹ fi gbé e kọ́ ọ̀rẹ́ yín lọ́rùn? Nígbà tí àìsàn yín le, mo rí Bàbá Ràfíù ní ìkòríta wa. Wọ́n dúró, wọ́n wo fèrèsé yín, wọ́n yí padà. Ẹ̀yin náà jí lọ́jọ́ yẹn, ojú yín kọ sí fèrèsé. Ṣé ẹ rí wọn? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ní kí n pè wọ́n?

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo lọ bá wọn nílé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Mo sọ ohun tí Màámi sọ. Wọ́n ní kí n tún un sọ.

"Gé e, Ràfíù. Ràfíù, gé e."

"Ó dárúkọ mi?"

"Wọ́n dárúkọ yín."

Wọ́n wọlé, mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣe àlùwàlá. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ti wọ aṣọ ọdún wọn, wọ́n dé fìlà.

"Mú mi lọ síbi tí wọ́n sin ín sí."

Ìdí nìyẹn tá a fi wá lónìí. Wọ́n ṣe àdúrà fún yín, mo ṣe àmín. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n lọ dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì. Mo wò wọ́n látibẹ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ bí ẹni tó wà ní ojúde ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń fọwọ́ júwe. Wọ́n á tẹ́tí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kan wà tí mo rí i tí èjìká wọn ń mì, n ò sì lè mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Oòrùn mú, n ò pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n jáde, ojú wọn tutù, yẹ̀pẹ̀ sì wà ní ìdí agbádá wọn.

Kí ni wọ́n bá yín sọ, Bàbá? Ṣé ẹ dá wọn lóhùn?

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, bínú mi ò tilẹ̀ tíì rọ̀ tán.