Oògùn Inú Omi Adìyẹ

Treichville, Abidjan
Oṣù Kẹjọ, 2006

Ìyá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ara wa le, ọjà adìyẹ náà ń lọ. Ẹ má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe rí, mo ṣì ń kọ́ ọ ni.

Egungun adìyẹ ló gún mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti ń kun ún fún oníbàárà. Nígbà tó wú, mo lo kápúsù tí a máa ń tú sómi wọn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Kò gbọ́. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ ní ọsibítù, kò gbọ́. Dókítà bi mí bóyá a máa ń fún àwọn adìyẹ lóògùn. Mo ní ojoojúmọ́ ni, kí wọ́n má baà ṣàìsàn. Ó mirí. Ó ní kòkòrò àrùn ara wọn ti mu oògùn náà títí, kò ràn án mọ́, òun ló sì wọ ọwọ́ mi.

Ó rẹ̀ mí, Ìyá, ṣùgbọ́n ẹ má mikàn. Ó ti jinná. Nàfísà ọmọ mi ló ń kun adìyẹ báyìí, òun náà ló ń bá mi wé gèlè. Tí mo bá fẹ́ gbé nǹkan, á ní, “Maman, laisse, ẹ jẹ́ n ṣe é.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kápúsù sómi adìyẹ yín mọ́.

Ẹ bá mi kí Bàbá, kí ẹ sì bá mi bẹ̀ wọ́n. Mo mọ̀ pé wọn ò fẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà, ṣùgbọ́n òun ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Òun ló ṣẹ́kù.

Ọmọ yín,
Rísíkátù