Ẹni Tó Tẹ̀lé Odò

Ajé, 3 oṣù kẹta
Ìkéde kan wọlé sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì awọnlẹ̀ wa láàárọ̀ yìí. Àyè kan ṣoṣo fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì, ní yunifásítì kan lókè òkun. Wọn á san owó ilé-ìwé, wọn á wá ilé fúnni, wọn á fúnni lówó oúnjẹ, wọn á tún ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Iṣẹ́ tó wà ńlẹ̀: odò kéékèèké tó ń yí ọ̀nà padà láàárín ìlú. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹni pé èmi gan-an ni wọ́n ń bá wí.
Nísàlẹ̀ pátápátá — ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Èmi á pé ogójì lóṣù kẹwàá. Èyí nìkan ló kù fún mi.

Ìṣẹ́gun, 4
Agboòrùn, ọmọkùnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, náà ti rí i. Ó ní òun náà á gbìyànjú. Tábìlì rẹ̀ ló kọjú sí tèmi, kò sí bí mo ṣe lè fi pamọ́ fún un.
Kò mọ̀ pé mo sọ òun ní orúkọ yìí. Ọjọ́ tí a lọ wo odò ẹ̀yìn ọjà ló ti gbà á. Òjò ń rọ̀, èmi wà nínú omi pẹ̀lú okùn tí a fi ń wọn ilẹ̀, òun dúró létí odò lábẹ́ agboòrùn, ó ń pariwo: "Ẹ rọra o, àǹtí mi!" Ọmọ dáadáa ni. Òun àti iṣẹ́ nìkan ni kì í fi bẹ́ẹ̀ ríra wọn.

Ọjọ́bọ̀, 6
Wọ́n fẹ́ lẹ́tà ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹni. Mo lọ bá Fọwọ́síi. Ọ̀gá wa nìyẹn — kò sí ìwé tí kò lè fọwọ́ sí, kò sì sí èyí tó ń kà. Nígbà kan ó fọwọ́ sí ìwé ìsinmi akọ̀wé, lọ́jọ́ kejì ó ń bi wá léèrè ibi tí akọ̀wé wà.
"Kọ ọ́ wá," ló wí. "Ìwọ lo mọ ara rẹ. Èmi á fọwọ́ sí i."
Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é ní ọ́fíìsì yìí nìyẹn. Kálukú ní ń jẹ́rìí ara rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 8
Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó ní pálọ̀. Mo kọ ọ́: Ó já fáfá. Mo pa á rẹ́. Mo kọ ọ́: Iṣẹ́ rẹ̀ dára púpọ̀. Ojú mi lọ sẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ wọlé wá ká mi mọ́ ọn.
Màmá kọjá pẹ̀lú ìgbálẹ̀, wọ́n bi mí pé kí ni mò ń kọ. Mo ní mò ń yin ara mi.
"Olúwa má jẹ̀ẹ́," ni wọ́n wí. "Ẹnu ẹlòmíì ló yẹ kéèyàn ti gbọ́ ìyìn ara rẹ̀."
Òfin tí wọ́n fi tọ́ wa nìyẹn. Tí a bá gbé ipò kìíní wálé, wọ́n á bèèrè ẹni tó gbá àgbàlá. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá bá mi gbẹ́ tèmi?
Ohun tó wà lójú ìwé nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú: Ó máa ń tètè dé ibi iṣẹ́. Kì í bá èèyàn jà. Ó lè ṣe iṣẹ́ tí a bá gbé fún un.
Mo tún un kà. Èèyàn lè fi ta kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Ajé, 10
Agboòrùn wá bá mi. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ tèmi. Ẹ mọ̀ pé èmi àti ìwé kíkọ ò bára wa ṣọ̀rẹ́."
Mo gbà. Kí tíì mi tó tutù mo ti kọ ìdajì ojú-ewé. Ọ̀rọ̀ ń dùn lọ́wọ́ mi! Ọlọ́yàyà ni, kò lójú kòkòrò, gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ọ̀rọ̀ tán. Mo wá kọ ti odò sí i: pé máàpù àtijọ́ sọ pé ẹ̀yìn ọjà ni odò ń gbà, pé ó wọ bàtà rọ́bà, ó tẹ̀lé omi láti òkè dé ìsàlẹ̀ nínú òjò, ó rí i pé odò ti yà, ẹ̀yìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń gbà báyìí. Pé òun ló jẹ́ kí wọ́n sún ògiri ilé-ìwé náà sẹ́yìn kí òjò ńlá tó dé. Mo fi kún un lẹ́nu ọ̀gá: Mi ò rí irú rẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ojú-ewé kan àtààbọ̀.
Èmi ni mo tẹ̀lé odò náà. Àmọ́ òun náà wà níbẹ̀, a jọ lọ ni. Mo sọ ọ́ fún ara mi lẹ́ẹ̀mẹta pé a jọ lọ.

Ìṣẹ́gun, 11
Fọwọ́síi ti fọwọ́ sí méjèèjì. Ó bèèrè èwo ni ti ta, kò dúró gbọ́ èsì.

Ẹtì, 21
Wọ́n pè mí fún intáfíù. Wọ́n pe Agboòrùn náà. Màmá ti lọ sọ fún aránṣọ tó wà lójúlé kejì pé mò ń lọ sókè òkun. Ẹnu ẹlòmíì tí wọ́n wí, ẹnu tiwọn ni.

Ìṣẹ́gun, 25
Ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì náà yọ lójú kọ̀ǹpútà. Obìnrin, irun funfun, kọ́ọ̀bù lọ́wọ́. Ó bi mí nípa odò, mo dáhùn. Ó tún bi mí, mo tún dáhùn. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ó ń lọ dáadáa. Ó wá mú ìwé kan.
Ó ní ọ̀gá mi kọ ọ́ pé n kì í bá èèyàn jà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní gbogbo ohun tó kọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé èmi àti ọ̀gá ní gbólóhùn asọ̀ ni? Mo ní rárá, ọ̀gá mi kì í sábà yin èèyàn.
Ó wo ìwé kejì. Ó wò mí. Ó ní ó mà yin ẹnìkejì mi fún ojú-ewé kan àtààbọ̀.
Kí ni n bá wí? Mo ní ìyìn tọ́ sí i.
Mo pa kọ̀ǹpútà, mo jókòó síbẹ̀. Màmá kan ilẹ̀kùn, wọ́n ní ṣé àwọn lè tan rédíò báyìí. Mo ní kí wọ́n tàn án. Ó dùn mí dé egungun.

Ọjọ́rú, 26
Agboòrùn ṣe tirẹ̀. Ó padà dé, ó dojú kọ iṣẹ́. Agboòrùn! Ó ń to fáìlì títí a fi ṣíwọ́.

Àìkú, 30
Kò sí nǹkan.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù kẹrin
Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀wé sí Fọwọ́síi. Fọwọ́síi tẹ̀ ẹ́ jáde, ó gbé e sórí tábìlì mi. "Dá wọn lóhùn. Èmi á fọwọ́ sí i."
Mo kà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òun bi ọ̀dọ́kùnrin náà bó ṣe tẹ̀lé odò nínú òjò. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní òun kọ́, àǹtí òun ní ọ́fíìsì ni, òun kàn di agboòrùn mú ni. Lẹ́tà wí báyìí, ọmọ wí báyìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òun fẹ́ mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà, kí òun tó fi àyè yìí fún ẹnikẹ́ni.
Mo gbé ojú sókè. Agboòrùn ń wò mí.

Ẹtì, 4
Ọ̀nà tó rọrùn: kí n kọ ọ́ pé ọ̀gá ṣi orúkọ kọ. Fọwọ́síi á fọwọ́ sí i, kò ní mọ̀. Ọ̀nà kejì ni kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì.
Mo sọ fún Agboòrùn pé ó lè pàdánù tirẹ̀.
"Àǹtí mi, kí n wá lọ sókè òkun lọ máa ṣàlàyé odò tí mi ò wọ̀? Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí." Ó padà sí tábìlì rẹ̀. Ó wá ní: "Mo sì mọ orúkọ tí ẹ ń pè mí."
Ojú tì mí. Òun ń rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

Àìkú, 6
Mo ti kọ ọ́. Èmi ni mo kọ lẹ́tà méjèèjì. Èmi ni mo tẹ̀lé odò náà. Ohun tí ẹ kà nípa ẹnìkejì mi àti odò, èmi lẹ kà. Mo mọ iṣẹ́ yìí, mo mọ̀ ọ́n dáadáa.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa gbólóhùn ìkẹyìn rẹ́ kí n tó fi í sílẹ̀. Mo kà á fún Màmá.
"Irọ́ wo ló wà níbẹ̀?"
Mo ní kò sí.
"Kí lo wá ń dúró dè?"
Mo fi ránṣẹ́.

Ajé, 7
Mo gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ fún Fọwọ́síi. Ó ti mú bírò. Ó yí ìwé síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó bi mí pé ibo ni òun máa fọwọ́ sí. Mo ní kò sí ibì kankan lọ́tẹ̀ yìí, sà, orúkọ mi ni mo kọ síbẹ̀.
Ó fi bírò sílẹ̀. Ó wá awò ojú rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, ó nù ún, ó gbé e wọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.